Awò Orí Ìbọn Tí Kò Ní Súùmù

Ọ̀rọ̀ tòní kò wọ́pọ̀ lórí rédíò. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Dansoman ní Accra ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bùọ̀dá mi tó wà ní Houston ń bọ̀ wálé, mo sì fẹ́ kí wọ́n bá mi ra awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn, èyí tí èèyàn lè fi yìnbọn dé ọ̀nà jíjìn. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Mo rí ọ̀kan tó ń fa nǹkan súnmọ́ láti ìlọ́po 6 títí dé 24. Mo rí òmíràn tó jẹ́ 10 péré, kò lè lọ sókè, kò lè wá sílẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi 10 yẹn rẹ́ èèyàn jẹ ni?"

Àbúrò, ẹni tó bá ra 24 yẹn ni wọ́n sábà máa ń rẹ́ jẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Awò tó ní súùmù, ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Yàtọ̀ sí lẹ́ǹsì iwájú àti ti ẹ̀yìn, àwọn lẹ́ǹsì mìíràn wà láàárín tó ní láti máa rìn síwá sẹ́yìn nínú páìpù nígbà tí ẹ bá ń yí òrùka súùmù. Wọ́n gbọ́dọ̀ rìn tààrà, láìyẹ̀ sọ́tùn-ún, láìyẹ̀ sósì. Bí wọ́n bá yẹ̀ bín-ín-tín, ọta yóò gba ibi tí ẹ kò rán an lọ. Àtiṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó dára, owó ńlá ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, ní Jámánì, ní Austria, ní Japan, ní Amẹ́ríkà. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta èyí tó dára jù nínú tiwọn, ẹ óò gbọ́ iye tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó bá wá fẹ́ ta irú rẹ̀ ní dọ́là 300, ó ti yọ nǹkan kúrò níbì kan. Ó lè jẹ́ lára dígí, ó lè jẹ́ lára irin, ó sì lè jẹ́ lára kókó tí a fi ń darí àmì inú awò, èyí tó burú jù.

Awò tí kò ní súùmù bọ́ nínú wàhálà yìí. Lẹ́ǹsì inú rẹ̀ kò pọ̀, ohun tó ń rìn nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, owó tí ẹ san sì lè wọ inú dígí àti inú kókó. Dọ́là 300 lè ra ohun gidi níbẹ̀. Lọ́dọ̀ onísúùmù, ọjà gbàrọgùdù ni 300 yẹn máa rà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, kì í ṣe ìṣirò tó le. Lára awò wọ̀nyí ẹ óò rí nọ́ńbà méjì, irú bíi 10x42. 10 ni ìlọ́po tó fi ń fa nǹkan súnmọ́, 42 ni fífẹ̀ lẹ́ǹsì iwájú ní mìlímítà. Ẹ pín 42 sọ́nà 10, ẹ ní 4.2. Mìlímítà 4.2 ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde látinú awò bọ́ sí ojú yín. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i: ẹ na awò jìnnà sí ara, ẹ kọ ọ́ sí ibi tí sánmà ti mọ́lẹ̀, ẹ wo dígí ẹ̀yìn, ẹ óò rí òbírí funfun kékeré kan láàárín rẹ̀. Òun náà nìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ sí oòrùn o, torí ẹni tó bá fi awò wo oòrùn lè fọ́jú.

Lọ́sàn-án gangan, ọmọlójú wa kì í fẹ̀ ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ, nítorí náà òbírí kékeré tó o. Ní ìdájí àti ní àṣálẹ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọlójú a là, ti ọ̀dọ́ lè tó 7, ti àgbàlagbà lè má ju 5 lọ. Awò 6-24 tí àbúrò rí, ká ní fífẹ̀ lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀ jẹ́ 50, bí ó bá yí i dé 24, 50 tí a pín sọ́nà 24 kò ju 2 àti díẹ̀ lọ. Àkókò tí ẹran ń jáde gan-an ni dígí rẹ̀ máa ṣú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yí i padà sí 8 tàbí 10, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Kí ló wá san owó 24 fún?

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Jámánì ti mọ èyí tipẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni wọ́n ń dọdẹ lábẹ́ òṣùpá, wọn a sì gun ẹ̀gùn gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ tiwa náà ti ń ṣe, àfi pé ẹ̀gùn tiwọn ní àtẹ̀gùn tí wọ́n fi pákó kàn dáadáa, òmíràn tilẹ̀ ní òrùlé. Awò tí wọ́n fẹ́ràn fún iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni 8x56 tí kò ní súùmù. Ẹ pín 56 sọ́nà 8, ó jẹ́ 7 géérégé. Ẹ ò rí i pé wọn kò yàn án lásán.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ sí Accra níbí. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba ọ̀nà márosẹ̀ Accra sí Tema ní aago kan ọ̀sán ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Iwájú ọ̀nà á máa dán bí ẹni pé omi wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè á máa gbọ̀n rìrì. Ooru tó ń gòkè látorí ilẹ̀ ló ń da ìmọ́lẹ̀ rú bẹ́ẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ láti ẹ̀yìn Tema dé apá Dodowa, koríko ló pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ, oòrùn sì ń pa ilẹ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá fi awò wo nǹkan tó wà ní 400 mítà níbẹ̀ lọ́sàn-án, ooru yẹn ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Awò tó bá sì fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 24, ìlọ́po 24 ló fa gbígbọ̀n rìrì ooru náà súnmọ́. Pátákó tí ẹ fẹ́ yìn á máa jó níwájú yín. Ní 10, ẹ ṣì lè rí ibi tí etí rẹ̀ wà. Tó bá wá di àsìkò ọyẹ́, láti December sí February, tí eruku láti Sàhárà bo gbogbo ìlú, ẹ fi ìlọ́po 50 wò ó, eruku náà ni ẹ óò rí, àmọ́ á tóbi sí i.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní awò 10 kò tó fún ọ̀nà jíjìn, ẹ bi wọ́n pé báwo ni àwọn ológun ṣe ṣe é nígbà kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ìbọn M24 wọlé fún àwọn atamátàsé wọn ní 1988, awò Leupold 10x42 tí kò ní súùmù ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Marine wọn lo Unertl nígbà yẹn, ìlọ́po 10 lòun náà. Ìbọn Mosin-Nagant tí àwọn ará Soviet fi ja Ogun Àgbáyé Kejì, awò PU tó wà lórí rẹ̀ kò ju ìlọ́po 3.5 lọ.

Ọ̀rọ̀ owó pọ́ọ́kú náà ní ìtàn tirẹ̀. Kó tó di 1930, awò orí ìbọn jẹ́ ohun olówó ní Amẹ́ríkà. Ọdún náà ni William Weaver gbé awò kan jáde tó pè ní 330, kò kọjá nǹkan bí ìlọ́po 3, dọ́là 19 ló ń tà á, tòun ti irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ìbọn. Ní 1933 ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí El Paso ní Texas. Awò tálákà yẹn, irú rẹ̀ kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà padà wá dè mọ́ ìbọn Springfield M1903A4 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ayé tiwa yìí, èyí tí orúkọ rẹ̀ jáde jù nínú àwọn tí kò wọ́n ni SWFA SS 10x42, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ sí Tasco Super Sniper. Dọ́là 300 ni iye rẹ̀ rọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò lẹ́wà, ó wúwo, wọn kò sì fi nǹkan kan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àmọ́ bí ẹ bá yí kókó rẹ̀, á lọ síbi tí ẹ ní kó lọ.

Ibi kókó yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn wà. Ọta ìbọn kì í rìn gbọọrọ bí ìlà, ó ń já wálẹ̀ ni. Ìbọn .308 tí wọ́n ti tò kí ọta rẹ̀ máa balẹ̀ sójú àmì ní 100 mítà, bí ẹ bá fi ọwọ́ kan náà yìn ín dé 500 mítà, ọta á ti já ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Kókó orí awò ni ẹ máa yí kí iwájú ìbọn lè gbéra tó. Lórí èyí tí wọ́n fi ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní mil ṣe, kókó á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Kẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mil, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1 ní 100 mítà, sẹ̀ǹtímítà 5 ní 500. Bí kókó bá ń purọ́, bó bá dún ní ogójì ìgbà tó sì rìn bí márùndínlógójì, ẹ̀yin lẹ óò máa rò pé ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n.

Ẹ lè dán an wò láìní ìbọn lọ́wọ́, láìná ọta kan. Ẹ lọ ra tépù àwọn télọ̀ ní ọjà Makola, èyí tó gùn ní 150 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ìṣó kàn án mọ́ ara ògiri lóròó kó gún régé. Ẹ wọn 50 mítà kúrò níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi tépù gígùn mìíràn wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ wá fi fáìsì àwọn mẹkáníìkì di awò náà mú lórí tábìlì tó wúwo, ẹ fi àkísà tàbí rọ́bà wé e kí irin má bàa ha á lára. Ẹ darí rẹ̀ kí àmì àárín rẹ̀ bọ́ sórí nọ́ńbà kan lára tépù, ká ní 100. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn mọ́ bí kò ṣe kókó. Ní 50 mítà, mil kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ yí kókó òkè ní mil 10, ìyẹn kẹ́ ọgọ́rùn-ún. Àmì gbọ́dọ̀ ti rin 50 sẹ̀ǹtímítà lórí tépù, kó wà ní 50 tàbí ní 150. Bí ó bá wà ní 53, kò péye. Ẹ yí i padà: ó gbọ́dọ̀ padà sórí 100 gan-an. Ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀, bí ìgbà márùn-ún. Ẹ wá kan tépù mọ́ ògiri ní ìbú, kí ẹ ṣe kókó ẹ̀gbẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Awò tó bá yege nínú èyí, ẹ mú un, kódà bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá ti ṣí.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta onísúùmù kì í sọ. Ìlà tàbí àmì tóótòòtó tó wà nínú awò, tí èèyàn fi ń wọn nǹkan, nínú ọ̀pọ̀ awò onísúùmù tí kò wọ́n, orí ìlọ́po kan ṣoṣo ló ti ń péye. Bí ẹ bá ti yí súùmù kúrò níbẹ̀, ìwọ̀n ti yẹ̀, ẹ sì lè gbàgbé. Èyí tí kò ní súùmù kò lè tàn yín báyìí, torí ibì kan náà ló wà títí ayé. Ẹ ṣáà rí i pé ohun tí wọ́n fi wọn àmì inú rẹ̀ ni wọ́n fi wọn kókó rẹ̀. Àwọn kan wà tí àmì wọn jẹ́ mil tí kókó wọn sì jẹ́ MOA, ìwọ̀n mìíràn tó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9 ní 100 mítà. Ẹni tó bá ra ìyẹn, ìṣirò ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ tún gbé orí yín sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ lẹ́yìn awò. Bí àmì bá ń rìn lórí ohun tí ẹ ń wò, ẹ wá kókó tí wọ́n fi ń tún un ṣe, ó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá ní kókó yẹn, kì í ṣe awò ọ̀nà jíjìn. Àyè àárín ojú àti dígí kò sì gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 8, torí ìbọn máa ń ta sẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín, mo sì ti rí ẹni tí etí awò bu ní ìpéǹpéjú tí ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ẹ̀wù rẹ̀. Ní ti afẹ́fẹ́ òkun tiwa yìí, dígí máa ń bu nínú. Ẹ wo inú awò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó sanwó, pàápàá èyí tó jẹ́ àlòkù. Bí ẹ bá rí nǹkan tó ta bí òwú aláǹtakùn lójú lẹ́ǹsì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú náà. Iléeṣẹ́ Leupold fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fáráyé nípa àwọn tó ń tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun tí kò ṣe.

Wàyí o, àbúrò wa kò sọ irú ìbọn tó ní. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ìbọn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń gbé ká Ghana ni ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tó ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́, tàbí ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ. Inú ẹnu wọn dán ni, kò ní kíkọ tó ń mú ọta yí bí òkòtó. Ọta wẹ́wẹ́ kò wúlò mọ́ tó bá ti kọjá nǹkan bí 40 mítà. Ẹ de awò tó wá láti ọ̀run mọ́ ọn, 40 mítà náà ni. Bí irú ìbọn yìí ni àbúrò ní, kó má ra awò orí ìbọn rárá. Kí ó ra awò olójú méjì, 8x42, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn. Òun náà kò ní súùmù, gbogbo ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan bá a mu: 42 tí a pín sọ́nà 8 jẹ́ 5 àti díẹ̀. Á fi rí ẹran kí ẹran tó rí i, á sì fi mọ̀ bóyá ẹran ni tàbí èèyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi awò orí ìbọn wo ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n gbàgbé pé ibi tí awò kọjú sí, ibẹ̀ ni ẹnu ìbọn kọjú sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé láìsí awò kò sí ọ̀nà jíjìn. Ní Bisley, ní Surrey, tí kò jìnnà sí London, níbi tí wọ́n ti ń díje láti 1890, ìdíje tí wọ́n ń pè ní King's Prize máa ń parí sí 900 àti 1,000 yáàdì, ihò kékeré ojú ìbọn ni wọ́n fi ń wò ó, láìsí awò lórí ìbọn. Obìnrin kan, Marjorie Foster, gbà á ní 1930, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á.

Bí ráífù tó ní ìwé àṣẹ bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ní ibi tí òfin gbà yín láyè láti yìn ín, èsì mi ni pé kí ẹ ra 10x42 tí kò ní súùmù. Bí ìdájí àti àṣálẹ́ ni iṣẹ́ yín, tí ẹ kò sì ní ju 200 mítà lọ, ẹ ra 6x42, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Ẹ má wo 24.

Ní ti bùọ̀dá tó ń bọ̀ láti Houston, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn sọ awò sínú báàgì. Òfin Amẹ́ríkà ka awò orí ìbọn mọ́ ohun tí ìjọba ń ṣọ́ bó ṣe ń jáde kúrò nílùú, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó rà á. Ní Ghana níbí, ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí ìwé ìbọn, ọdọọdún ni a sì ń tún un ṣe. Ìwé àṣẹ ọdẹ tún yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀dọ̀ Wildlife Division ti Forestry Commission ni ẹ ti máa gbà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù August títí di ọjọ́ kìíní oṣù December, ìgbẹ́ wà ní títì kí ẹran lè bímọ. Ọ̀yà nìkan, tí àwọn Akan ń pè ní akrantie, ni òfin yọ sílẹ̀, òun náà sì nílò ìwé àṣẹ. Ibi tí ìjọba ti ń dáàbò bo ẹranko ní Shai Hills kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ọdẹ ní oṣù kankan.

Àbúrò ní Dansoman, ẹ mú ìwé ìbọn yín lọ́la, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè de awò mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pe Houston.